Orúkọ Apààyàn Ti Wà Nínú Fáìlì: Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ń Kọ Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́

Ìbéèrè: "Mò ń kọ ìtàn àròsọ kan nípa ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń wá apààyàn kan tó ti gba ẹ̀mí obìnrin márùn-ún. Apààyàn náà máa ń kọ lẹ́tà sí ọ̀gá yìí láti fi í ṣẹ̀sín. Ọ̀gá náà ń ronú títí tó fi mọ irú èèyàn tó jẹ́, ó sì lọ mú un nílé. Àwọn méjì tó bá mi kà á ní ó dùn, àmọ́ kò jọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Báwo ni wọ́n ṣe ń mú irú èèyàn bẹ́ẹ̀ gan-an? Báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́ tí kò ní dà bí ìjábọ̀ ọ́fíìsì? Ṣé ó sì yẹ kí n fún apààyàn náà ní orí tirẹ̀ nínú ìwé?"

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Òótọ́ ni àwọn tó bá yín kà á sọ, inú mi sì dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó kọ ọ́ jìnnà. Iṣẹ́ mi ni láti máa ka ìtàn ọ̀daràn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, kí n máa fi wé bí ìwádìí ṣe ń lọ lójú ayé. Ohun tó wà nínú ìtàn yín yìí ni mo máa ń bá pàdé jù lọ: ọ̀gá kan tó gbọ́n, apààyàn kan tó gbọ́n, àwọn méjèèjì dojú kọ ara wọn, àwọn ọlọ́pàá yòókù kàn ń gbé ìwé kiri lẹ́yìn wọn.

Lójú ayé, ibòmíràn ni ìṣòro náà wà. Nínú ọ̀pọ̀ irú ìwádìí báyìí, orúkọ apààyàn ti wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó mú un. Ẹnìkan ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnìkan ti kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ti jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, ó ti bi í ní ìbéèrè, ó ti dìde, ó ti ń lọ. Ohun tí wọ́n ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò wọn. Bí ẹ bá kọ́ ìtàn yín lé èyí lórí, ẹ kò ní nílò ọ̀gá tó ń rí ohun tí ojú kò rí, ìbẹ̀rù tó wà níbẹ̀ á sì ju ti lẹ́tà èyíkéyìí lọ.

Ọ̀ràn tí mo máa ń ní kí gbogbo òǹkọ̀wé kà ni ti Peter Sutcliffe, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù ni, ará Bradford, ó níyàwó nílé. Láàárín ọdún 1975 sí 1980, ó pa obìnrin 13, ó sì gbìyànjú láti pa 7 mìíràn. Ọlọ́pàá bá a sọ̀rọ̀ nígbà 9 kí àṣírí tó tú. Ìgbà mẹ́sàn-án! Kò sá wọ igbó, kò pa orúkọ dà. Wọ́n ń bá a, ó ń dá wọn lóhùn wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀kan nínú ìgbà mẹ́sàn-án yẹn tó ohun tí ẹ lè fi kọ odindi orí kan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1977, ó pa obìnrin kan ní Manchester. Ó ti fún obìnrin náà ní páùn márùn-ún tuntun kan, nígbà tó yá ló wá yé e pé owó yẹn lè ta bá òun. Ó padà lọ sí ibi tó gbé òkú náà sí láti wá a, kò rí i. Ọlọ́pàá ló rí i, ní kọ́lọ́fín kan nínú báàgì olóògbé. Owó tuntun ní nọ́ńbà, nọ́ńbà náà gbé wọn dé báǹkì tó kó o jáde, báǹkì sì júwe àwọn iléeṣẹ́ tó gba irú owó bẹ́ẹ̀ láti fi san owó iṣẹ́. Nǹkan bí 8,000 òṣìṣẹ́ ló ṣeé ṣe kí owó náà ti bọ́ sí lọ́wọ́. Láàárín oṣù mẹ́ta, ọlọ́pàá bá bí 5,000 ọkùnrin sọ̀rọ̀. Sutcliffe wà nínú wọn. Ó ní ilé lòun wà lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ará ilé rẹ̀ tì í lẹ́yìn, wọ́n fi àmì sí orúkọ rẹ̀, wọ́n kọjá sí ilé tó kàn.

Ọgbọ́n tí wọ́n lò níbẹ̀ dára, kò sí ẹni tó lè bú wọn fún un. Ó gbé wọn dé iwájú ẹni tí wọ́n ń wá gan-an. Ẹ wá fojú inú wo ọlọ́pàá tó wọlé lọ́jọ́ náà. Ó ti ti ilé púpọ̀ jáde láti àárọ̀. Fọ́ọ̀mù kan náà ló ń kún. Gbogbo ọkùnrin tó bá pàdé ló ní òun wà nílé, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn wà nílé lóòótọ́. Ìyàwó ilé ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wà nílé. Kí ló fẹ́ kọ? Ó kọ ohun tí wọ́n sọ. Bí ẹ bá lè kọ ìran yìí kó rí bẹ́ẹ̀, láìsí orin ìbẹ̀rù lábẹ́ rẹ̀, láìjẹ́ kí ojú apààyàn pọ́n tàbí kí ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, òǹkàwé tó bá padà dé ibẹ̀ lẹ́yìn tó ti mọ òpin ìtàn á di orí mú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà dé, irú èyí tó wà nínú ìtàn tiyín. Méjì dé ní oṣù kẹta ọdún 1978, ẹ̀kẹta dé ní oṣù kẹta ọdún 1979. Nígbà tó di oṣù kẹfà, kásẹ́ẹ̀tì kan tẹ̀lé e. Ohùn ọkùnrin ló wà nínú rẹ̀. Ó pe George Oldfield, ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń darí ìwádìí náà, lórúkọ, ó sì ń fi í ṣẹ̀sín pé títí di àsìkò yẹn kò tíì sún mọ́ òun. Àwọn onímọ̀ èdè tẹ́tí sí i, wọ́n ní ọmọ agbègbè Sunderland ló ń sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà lọ, ẹni tí ohùn rẹ̀ kò bá dún bí ti ará ibẹ̀, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tí wọ́n ń fura sí. Sutcliffe kì í ṣe ará ibẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ bíi wọn.

Ní oṣù keje ọdún kan náà, kọ́ńsítébù kan lọ bá Sutcliffe nílé. Ara fu ú. Ó kọ ìjábọ̀ pé ọkùnrin yìí jọ àwòrán tí wọ́n yà láti ẹnu àwọn tó móríbọ́, ó ní ó yẹ kí àwọn àgbà ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tún un wò. Wọ́n ti ìjábọ̀ náà sínú fáìlì. Obìnrin mẹ́ta ló kú lẹ́yìn tí kásẹ́ẹ̀tì yẹn dé.

Ẹni tó gba ohùn náà sílẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni. Onírọ́ lásán ni, John Humble lórúkọ rẹ̀. Ọdún 2005 ni wọ́n tó mọ̀ ọ́n, nípasẹ̀ DNA inú itọ́ tó fi lẹ àpò lẹ́tà. Ní 2006 ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n ọdún 8. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a, àmọ́ àwọn obìnrin mẹ́ta yẹn kò sí láyé láti rí ọjọ́ náà.

Ohun kan wà nínú ọ̀ràn yìí tó máa ń dùn mí wọra. Àwọn obìnrin tó bọ́ lọ́wọ́ Sutcliffe ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọdébìnrin ọdún 14 kan tó fọ́ lórí ní 1975 bá a rìn ní ọ̀nà ìgbèríko kan fún ìgbà díẹ̀ kó tó lù ú, ó rí ojú rẹ̀, ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì júwe rẹ̀ dáadáa. Ọlọ́pàá kò ka ọ̀ràn rẹ̀ mọ́ ti yòókù. Wọ́n ti gbà lọ́kàn wọn pé àwọn obìnrin tó ń ta ara wọn fún owó nìkan ni ẹni yìí ń wá, ọmọ iléèwé kò sì bá èrò yẹn mu. Nígbà tí wọ́n wá ń wá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bí ará Sunderland, àwọn tó gbọ́ ohùn apààyàn gan-an wà láàyè, wọ́n sì ti sọ pé bí ará agbègbè tiwọn ló ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹ máa rántí èyí tí ẹ bá ń pín ọ̀rọ̀ fún àwọn èèyàn inú ìtàn yín. Ẹ jẹ́ kí obìnrin kan wà níbẹ̀ tó sọ òótọ́, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, tí kò sí ẹni tó gbà á gbọ́.

Bí wọ́n ṣe wá mú un kò ní ọgbọ́n àrà kankan nínú. Lálẹ́ ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 1981, ní Sheffield, ọlọ́pàá méjì tó ń yí ìlú ká rí ọkọ̀ kan tó dúró, ọkùnrin kan àti obìnrin kan wà nínú rẹ̀. Wọ́n yẹ nọ́ńbà ọkọ̀ náà wò, nọ́ńbà náà kì í ṣe ti ọkọ̀ yẹn. Ọkùnrin náà ní ìtọ̀ ń gbọ̀n òun, ó bọ́ sí kọ̀rọ̀ kan, ó jáde, wọ́n mú un lọ sí àgọ́. Lọ́jọ́ kejì, sájẹ́ǹtì tó wà níbẹ̀ rántí pé ọkùnrin yìí dá bọ́ sí kọ̀rọ̀. Ó padà lọ wo ibẹ̀. Ó bá òòlù kan àti ọ̀bẹ kan nílẹ̀. Sutcliffe jẹ́wọ́ lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e.

Kí ló dé tí ìgbà mẹ́sàn-án fi kọjá? Káàdì ni. Ní Leeds, níbi tí ìwádìí náà ti ń lọ, ìwé ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀: orúkọ kọ̀ọ̀kan lórí káàdì, káàdì nínú àpótí, àpótí lórí àpótí. Èyí tí wọn kò tíì tò pọ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ rí lè wá káàdì rẹ̀ kó má rí i, nítorí pé káàdì náà ṣì wà nínú òkìtì tó ń dúró de ọwọ́. Sutcliffe ní ju káàdì kan lọ, wọn kò sì sí lójú kan náà. Ọ̀kan wà nítorí páùn márùn-ún. Òmíràn wà nítorí pé wọ́n rí ọkọ̀ rẹ̀ léraléra níbi tí àwọn obìnrin máa ń dúró sí lálẹ́. Bí ẹnìkan bá tẹ́ gbogbo wọn sórí tábìlì kan ní ìṣẹ́jú kan! Ìjábọ̀ tí Lawrence Byford kọ ní 1981 lórí bí wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́ náà tú gbogbo èyí palẹ̀, ìjọba kò sì gbé e jáde fún aráyé títí di 2006. Ara ohun tó ti inú rẹ̀ wá ni pé láti àárín àwọn ọdún 1980 ni àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní HOLMES tọ́jú ìwádìí ńlá.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kí ìtàn yín jọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, ẹ wọ yàrá yẹn lọ kí ẹ jókòó. Nínú irú ìwádìí yìí, ọ̀gá kì í sáré kiri pẹ̀lú ìbọn. Gbogbo ohun tó bá wọlé, ìpè orí fóònù ni o, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí ni o, ẹnìkan ló ń gbà á. Ẹlòmíràn á kà á, á fa ìlà sábẹ́ orúkọ, nọ́ńbà ọkọ̀, àdírẹ́sì àti bí ojú ṣe rí. Ẹlòmíràn á tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà. Bí iṣẹ́ kan bá ti inú rẹ̀ jáde, bíi kí wọ́n lọ bi aládùúgbò kan léèrè, iṣẹ́ náà á gba nọ́ńbà, wọ́n á fi lé ẹnìkan lọ́wọ́, ẹni náà á sì mú èsì padà wá. Ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí yẹn, tó jókòó láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, tó ti mọ orúkọ adúgbò kọ̀ọ̀kan láìdé ibẹ̀ rí, ni mo máa fi ṣe akíkanjú bí ìwé yín bá jẹ́ tèmi. Òun nìkan ló lè dédé dúró lọ́jọ́ kan kó ní, "Mo ti ka orúkọ yìí rí."

Ìwé kan tún wà tí ó yẹ kó wà nínú gbogbo ìtàn irú èyí, tí mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ rí i nínú wọn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀gá tó ń darí ìwádìí ipànìyàn ní ìwé tó ń kọ gbogbo ìpinnu rẹ̀ sí: ohun tó pinnu, ìdí tó fi pinnu rẹ̀, ọjọ́ àti aago, yóò sì fọwọ́ sí i. Ẹ fi òǹkàwé jókòó ti ọ̀gá yín lálẹ́ ọjọ́ tó kọ ọ́ pé láti òní lọ, kí wọ́n yọ orúkọ gbogbo ẹni tí kò bá ní irú ohùn báyìí kúrò. Ìdí tó kọ sábẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́gbọ́n mu. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún orúkọ ló wà níwájú rẹ̀, ọlọ́pàá tó ní kò tó, àwọn onímọ̀ sì ti sọ tiwọn. Ẹ má sọ ọ́ di òmùgọ̀ tàbí ọ̀lẹ. Ẹni rere tó ṣe ìpinnu tó dá a lójú, tí ìpinnu náà sì pa èèyàn, ni kí ẹ kọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀. Ṣáájú kí yàrá ìwádìí tó wà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ pé ikú wọ̀nyí tan mọ́ra wọn. Nínú ìtàn yín, òkú kejì jáde, ọ̀gá wo ọgbẹ́, ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ìlú méjì, àgọ́ méjì, ọ̀bẹ níbí, okùn lọ́hùn-ún. Ẹni tó wà níhìn-ín kò mọ ohun tó wà lórí tábìlì ẹni ọ̀hún. Apààyàn sì lè yí ọwọ́ padà bó bá ṣe wù ú. Ìdí nìyẹn tí FBI fi dá ètò ViCAP sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1985, kí àwọn àgọ́ tó jìnnà síra lè máa fi ọ̀ràn wé ọ̀ràn.

Ìgbà mìíràn wà tí kò tilẹ̀ sí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n pa ẹnikẹ́ni. Harold Shipman, dókítà ní Hyde lẹ́bàá Manchester, ń fi abẹ́rẹ́ pa àwọn aláìsàn rẹ̀, òun kan náà ló sì ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ikú wọn. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ lẹ́yìn náà ka èèyàn 215 tó pa. Ní oṣù kẹta ọdún 1998, dókítà mìíràn nítòsí ké gbàjarè pé ikú àwọn ìyá arúgbó lọ́dọ̀ ọkùnrin yìí ti pọ̀ jù. Ọlọ́pàá wò ó, wọn kò rí nǹkan kan, wọ́n pa fáìlì dé ní oṣù tó tẹ̀lé e. Èèyàn mẹ́ta tún kú kí wọ́n tó mú un ní oṣù kẹsàn-án. Ìwé ìhágún ayédèrú ló tú u fó. Ọ̀kan nínú àwọn tó pa ní ọmọ tó jẹ́ agbẹjọ́rò. Ọmọ náà wo ìwé tí wọ́n ní ìyá òun kọ, ó mọ̀ pé ìyá òun kò lè kọ irú rẹ̀. Ìyẹn náà jẹ́ ìwádìí, ọmọ olóògbé ló sì ṣe é.

Ẹ kò béèrè nípa DNA àti ẹ̀jẹ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ máa dé ibẹ̀. Ẹ lò ó pẹ̀lú ìṣọ́ra, kó má di ohun tó ń yanjú gbogbo nǹkan ní ojú ìwé mẹ́ta tó kẹ́yìn. Ní Rostov, nígbà ìjọba Sófíẹ̀tì, wọ́n mú Andrei Chikatilo ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1984, ọ̀bẹ àti okùn wà nínú báàgì rẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, irú A ni. Ohun tí wọ́n rí lára àwọn òkú fi AB hàn. Ọ̀rọ̀ ipànìyàn kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ọdún 1990 ni wọ́n tó tún mú un, ní 1992 ilé ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi ikú èèyàn 52. Ohun tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé ní 1983, ìjọba ti pa ọkùnrin mìíràn fún ikú ọmọdébìnrin kan tí Chikatilo jẹ́wọ́ lẹ́yìnwá pé òun ló pa á. Ní Jámánì ẹ̀wẹ̀, àwọn ọlọ́pàá fi ọ̀pọ̀ ọdún lé obìnrin kan tí DNA rẹ̀ wà níbi ọ̀ràn bí ogójì, títí kan ibi tí wọ́n ti pa ọlọ́pàá kan ní Heilbronn ní 2007. Ní 2009 ni wọ́n rí i pé kò sí irú ọ̀daràn bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó ń di òwú tí wọ́n fi ń gba ẹ̀rí ló ni DNA náà, ọwọ́ rẹ̀ ló kan òwú náà.

Ọ̀ràn Gary Ridgway, apààyàn kan ní Amẹ́ríkà, ló fi ìrètí díẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ yìí. Orúkọ rẹ̀ ti wà láàárín àwọn tí ọlọ́pàá ń fura sí ní ìpínlẹ̀ Washington láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Wọ́n fi ẹ̀rọ adánirọ́wò dán an wò, ó yege. Ní 1987 wọ́n gba itọ́ rẹ̀, wọ́n tọ́jú u. Ọdún 2001 ni ìmọ̀ DNA wá tó ohun tó lè bá itọ́ yẹn sọ̀rọ̀, wọ́n sì lọ mú un. Ẹnìkan ló pinnu láti má jù ú nù fún ọdún 14. Mo fẹ́ràn ẹni yẹn, mi ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ní ti ọ̀gá tó ń ronú títí tó fi mọ irú èèyàn tí apààyàn jẹ́: ẹ dín in kù gidigidi. Àwọn onímọ̀ ìhùwàsí lè ranni lọ́wọ́, àmọ́ èrò wọn kì í ṣe ẹ̀rí. Lẹ́yìn tí wọ́n pa ìyá ọlọ́mọ kan ní Wimbledon Common ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1992, ọlọ́pàá gbójú lé irú àpèjúwe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rán obìnrin ọlọ́pàá kan pé kó lọ fi ìfẹ́ ẹ̀tàn mú ọkùnrin kan tó bá a mu, kó lè jẹ́wọ́. Kò jẹ́wọ́, nítorí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Adájọ́ da ẹjọ́ náà nù ní 1994. Ẹni tó ṣe é ni Robert Napper, 2008 ni wọ́n tó dá a lẹ́bi, ní oṣù kọkànlá ọdún 1993 ó sì ti pa obìnrin mìíràn àti ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin.

Bí ẹ bá béèrè ohun tó ń mú wọn gan-an, ohun kékeré ni lọ́pọ̀ ìgbà. David Berkowitz, tó ń yìnbọn pa èèyàn ní New York, gbé ọkọ̀ sí ibi tí kò yẹ ní oṣù keje ọdún 1977, wọ́n kọ ìwé ìtanràn fún un, ìwé náà ló júwe rẹ̀. Dennis Rader ní Wichita pa èèyàn 10 láàárín 1974 sí 1991, ó dákẹ́ títí ó fi di 2004, ìgbéraga wá mú kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí àwọn oníròyìn. Ó béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá bóyá wọ́n lè mọ ẹni tó fi dísìkì kọ̀ǹpútà ránṣẹ́. Wọ́n dá a lóhùn nínú ìwé ìròyìn pé kò séwu. Ó fi ránṣẹ́. Orúkọ ìjọ rẹ̀ àti "Dennis" ṣì wà nínú ìwé kan tó ti pa rẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n mú un ní oṣù kejì ọdún 2005.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí ìwé yín. Ẹ má yọ lẹ́tà kúrò. Ẹ sọ ọ́ di ti onírọ́. Ẹni tó ń kọ ọ́ kò pa ẹnikẹ́ni, ọ̀gá yín sì gbà á gbọ́ nítorí pé lẹ́tà náà pè é lórúkọ, ó sì jẹ́ kó dà bíi pé òun ni apààyàn yìí ń bá jà. Ìyípadà kan ṣoṣo yìí á yí gbogbo ohun tó tẹ̀lé e padà, ẹ kò sì ní láti kọ orí tuntun ju méjì lọ.

Lórí bí kò ṣe ní dà bí ìjábọ̀ ọ́fíìsì, ìmọ̀ràn mi ni pé kí òǹkàwé mọ apààyàn ṣáájú ọlọ́pàá. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sí orí kẹta, láàárín orúkọ mẹ́fà tí ọlọ́pàá kan kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ní ìdajì ìwé, ẹ jẹ́ kó hàn sí òǹkàwé pé òun ni. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá ṣí àpótí fáìlì, tó bá yẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀, tí fóònù dún, tó tì í padà, àyà òǹkàwé á já. Àwọn kan á ní ẹ ti ba àdììtú jẹ́. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àdììtú ẹni tó ṣe é máa ń tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí á máa bá òǹkàwé lọ títí dé òpin.

Ẹ ṣọ́ra fún yàrá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà. Nínú ohun tí ẹ fi ránṣẹ́, ọ̀gá lu tábìlì, afurasí bú sẹ́kún, ó jẹ́wọ́. Ní Leicestershire ní 1986, ọmọkùnrin ọdún 17 kan jẹ́wọ́ ikú ọmọdébìnrin kan tí kò pa. DNA, tí Alec Jeffreys ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàwárí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lò ó, ló dá a sílẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ọkùnrin agbègbè náà. Colin Pitchfork, tó pa ọmọ náà àti òmíràn ṣáájú rẹ̀, bẹ ẹnìkan níbi iṣẹ́ kó lọ fi ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ lórúkọ òun. Ọ̀rọ̀ tí ẹni náà sọ nílé ọtí ló tú u. Ìjẹ́wọ́ kò tó. Ẹ jẹ́ kí afurasí sọ ohun kan tó ṣeé lọ yẹ̀ wò, kí ẹnìkan sì lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn obìnrin márùn-ún tó wà nínú ìtàn yín kò ní orúkọ nínú àkọ́kọ́ kọ tí ẹ fi ránṣẹ́. "Ẹni kìíní", "ẹni kejì" ni ẹ ń pè wọ́n. Ẹ fún wọn lórúkọ, ẹ fún wọn ní ẹni tó ń retí wọn nílé, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí kò rọrùn láti fẹ́ràn. Ẹ jẹ́ kí ìyá ọ̀kan máa pe àgọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó máa béèrè, kí kọ́ńsítébù tó ń dá a lóhùn sì ti mọ ohùn rẹ̀ kó tó sọ orúkọ.

Lórí ìbéèrè tó kẹ́yìn: rárá, ẹ má fún apààyàn ní orí tirẹ̀. Mo ti ka irú àwọn orí bẹ́ẹ̀ púpọ̀, apààyàn inú wọn sì sábà máa ń gbọ́n ju ẹni gidi lọ, ó máa ń sọ̀rọ̀ bí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ìdí tó fi ń pa èèyàn. Sutcliffe kò rí bẹ́ẹ̀, Ridgway kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó ń lọ síbi iṣẹ́, tó ń padà wálé, tí kò ní ohun tó jinlẹ̀ kan láti sọ ni wọ́n. Bí ẹ bá kọ orí fún un, ẹ ó ní láti fún un ní ìjìnlẹ̀ tí kò ní, òǹkàwé á sì máa fojú ọba wò ó. Bí ẹ bá rí i pé ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ nínú ohun tí ọlọ́pàá kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n lọ bá a nílé: ibi tó wà lálẹ́ ọjọ́ náà, iṣẹ́ tó ń ṣe, irú ọkọ̀ tó ń wà, ìlà mẹ́rin péré, àti orúkọ ìyàwó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.